Bí a ṣe ń ta kúpè àlòkù fúnra ẹni ní Èkìtì

Ẹni tó bá fẹ́ ta Corolla ní Adó-Èkìtì kò ní wàhálà púpọ̀. Kó ṣáà ti kọ ọ́ sára gíláàsì ẹ̀yìn pé títà ni, kó kọ nọ́mbà fóònù sí i, kó máa wà á kiri bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kúpè kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ẹ̀yìn rẹ̀ há, ó súnmọ́lẹ̀, epo tó ń mu kì í sì í ṣe kékeré. Olùkọ́ tó ní ọmọ mẹ́ta kò ní rà á, bó ti wù kó wù ú tó. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe kábúkábú kò ní wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó ń rà á ni ọ̀dọ́ tọ́wọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́nu, ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó tàbí Abùjá, àti àgbà kọ̀ọ̀kan tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti ń wù láti ìgbà èwe. Wọn kò pọ̀, ibi tí wọ́n wà kò sì súnmọ́ra.

Ẹni tó bá fẹ́ kúpè ti fẹ́ ẹ kó tó rí tiyín. Kò sí ìdí láti máa fi ọ̀rọ̀ dídùn fà á. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ má fún un ní nǹkan tí yóò fi sá: ìwé tí kò pé, iná tó ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, irọ́ tí mẹkáníìkì rẹ̀ yóò tú. Lẹ́yìn èyí, kí owó sì ti wọlé kí kọ́kọ́rọ́ tó jáde lọ́wọ́ yín.

Ẹ lè gbé e lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò o, n kò ní ká má lọ. Ṣùgbọ́n alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n, kúpè tó bá sì ti wọ́n jù ní ìsọ̀, oòrùn ni yóò máa jẹ ẹ́ níbẹ̀, bátìrì á kú, táyà á fẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ní sùúrù, ẹ tà á fúnra yín.

1. Ìwé ni ẹ ó kọ́kọ́ tọ́jú

Kí ẹ tó fọ mọ́tò rárá, ẹ kó gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ríṣíìtì tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ rà á. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ti ọdún yìí, ìwé roadworthiness (ẹ̀rí pé mọ́tò yẹ lójú ọ̀nà), àti íńṣọ́ránsì. Bí ọjọ́ èyíkéyìí nínú pátíkúlà wọ̀nyí bá ti kọjá, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá wo mọ́tò.

Ẹ má fi ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ṣeré. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti ibodè orí ilẹ̀. Èbúté ojú omi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Mọ́tò tó bá gba ẹ̀bùrú wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbẹ́sẹ̀ lé e lójú ọ̀nà, ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá bá a ni wọ́n á sì ti gbà á. Olùrà tó mọ ohun tó ń ṣe mọ èyí, pàápàá ẹni tí yóò wà á lọ sí Èkó. Ìwé yìí ni yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni orúkọ. Ẹ rà á lọ́wọ́ bọ̀dá kan ní Ìkẹ́rẹ́, bọ̀dá náà rà á lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìbàdàn, orúkọ ará Ìbàdàn yẹn ló ṣì wà lórí ìwé títí di òní. Bí ẹ bá wà á tẹ́rùn, kò dùn yín. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á ni yóò dùn yín. Ẹ wá ríṣíìtì tó so ọwọ́ kan mọ́ èkejì, kí ẹ kó o lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n yí i sí orúkọ yín. Wọn yóò ní kí ẹ lọ búra ní kóòtù, kí ẹ mú fọ́tò pélébé àti káàdì ìdánimọ̀ wá. Owó á lọ níbẹ̀, àkókò náà á lọ. Síbẹ̀, ohun tí olùrà máa yọ kúrò nínú owó mọ́tò nítorí orúkọ tí kò bára mu sábà máa ń ju ohun tí ẹ máa ná lọ.

Ẹ wá wo nọ́mbà ṣaasí. Ẹ máa rí i nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀, àti lára òpó ilẹ̀kùn. Ẹyọ 17 ni. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀ rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n pè ní 1 tàbí òdo. Bí ẹ bá rí O lórí ìwé yín, akọ̀wé ló ṣì í tẹ̀. Ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tún un ṣe, torí ọlọ́pàá tó bá fẹ́ dá olùrà yín dúró lè rí ìyẹn dì mú. Lórí mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹyọ kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Ẹyọ àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti tò ó: J ni Japan, W ni Jámánì, 1, 4 àti 5 ni Amẹ́ríkà. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ ló ń pe mọ́tò 2008 ní 2010 nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó tà á fún wọn ṣe pè é. Ẹ kà á fúnra yín, ẹ pè é ní ọdún rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì dúdú náà wà níbẹ̀, torí kúpè tí kò ní gíláàsì dúdú kò pọ̀. Láti ọdún 1991 ni òfin ti wà lórí rẹ̀, ọlọ́pàá ló sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Ọ̀dọ́ tó bá wà nínú kúpè, ojú tí wọ́n fi ń wò ó lójú ọ̀nà yàtọ̀ sí ojú tí wọ́n fi ń wo bàbá tó wà nínú Camry, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Bí ó bá jẹ́ bébà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn ni, mo rò pé ó dára kí ẹ bó o kúrò kí ẹ tó yà á ní fọ́tò. Inú mọ́tò á hàn dáadáa, ìbéèrè kan á sì dín kù.

2. Ohun tó yẹ ní títúnṣe, àti èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀

Mẹkáníìkì tí olùrà bá mú wá yóò gbé skánà dání, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò kọ sílẹ̀ nípa àléébù rẹ̀. Ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀. Ó ti di dandan lára mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe é. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń tàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka kóòdù rẹ̀, kí ẹ mọ ohun tó ń ṣe é àti iye tí yóò ná yín. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ tí olùrà ń bọ̀ gan-an ni wọ́n á yọ orí bátìrì tàbí kí wọ́n fi skánà pa kóòdù rẹ́. Iná á kú lóòótọ́. Àmọ́ bí kóòdù bá ti pa rẹ́, kọ̀ǹpútà mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, skánà tó dára yóò sì fi hàn pé àyẹ̀wò náà kò tíì parí. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á rí i, á fa ọ̀gá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ níbí o." Ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn. Iná tó ń tàn tí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ sàn ju iná tí ẹ fi pamọ́ lọ.

Ẹ mọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú mọ́tò yín, kí ẹ lè dáhùn bí wọ́n bá bi yín. Honda Accord Coupe tó jẹ́ V6 (oní-sìlíńdà mẹ́fà) ń lo bẹ́líìtì táímìn, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì máa yí létòlétò. Bí bẹ́líìtì náà bá já lójú ìrìn, ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ pátápátá. Accord oní-lítà 2.4 tó ní sìlíńdà mẹ́rin láti 2003 wá, ṣéènì ni tirẹ̀, kò sí pé à ń pààrọ̀ bẹ́líìtì. Toyota Solara V6 náà, bẹ́líìtì ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ti pààrọ̀ bẹ́líìtì, ríṣíìtì iṣẹ́ náà níye lórí ju kí ẹ fọ ẹ́ńjìnnì kó máa dán lọ. Accord V6 ti 2008 sí 2012 tó jẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì tún ní ètò kan tó máa ń pa sìlíńdà méjì tàbí mẹ́ta tì nígbà tí mọ́tò bá ń lọ jẹ́jẹ́, kí epo má baà lọ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nítorí rẹ̀. Bí tiyín bá ń jẹ ọ́ìlì, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe ń bù ú kún un. Èyí tó jẹ́ mánúà kò ní ètò yẹn, ó sì ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá ní in, ẹ má tà á ní iye ọ̀tọ̀mátíìkì.

Bí ó bá sì jẹ́ Mazda RX-8 lẹ ní, ẹ kú ọkàn akin. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní písítìnnì, ó ń jẹ ọ́ìlì nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Mẹkáníìkì tí yóò tú u tí yóò sì tò ó padà bó ṣe yẹ kò sí ní gbogbo igun ọ̀nà. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ẹni tí ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé. Ẹ wá ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó wà níbì kan.

Táyà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí lẹ́tà DOT, nọ́mbà mẹ́rin á sì wà ní ìparí rẹ̀. 3221 ń sọ pé ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí ọjọ́ ogbó ti mú kó máa là lára, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò ní gbangba. Lẹ́yìn náà, ẹ wo rímù yíká, inú àti ìta. Táyà kúpè kò ga. Èyí tí wọ́n kọ 245/40R18 sí lára, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún 245 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn mìlímítà 98. Táyà 205/65R15 tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò ilé lásán tó 133. Ìyàtọ̀ ìka méjì yìí ni ihò títì fi ń rí rímù kúpè tẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti tẹ̀, ẹ gbé e fún àwọn tó ń tọ́ rímù. Sítíárì tó ń gbọ̀n lójú ọ̀nà Ìfàkì á mú kí olùrà rò pé ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ló ń ṣe é.

Bí ẹ bá ti rẹ mọ́tò sílẹ̀, tí ẹ gé spríǹgì rẹ̀ tàbí tí ẹ lo èyí tó kúrú, ẹ dá ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ padà bí ó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Kò sí àdúgbò ní Adó tí wọn kò ti da kọnkéré sójú títì láti fi dín eré kù. Olùrà tó bá gbọ́ tí ikùn mọ́tò ń ha á nígbà tó ń dán an wò ti ń ronú bí yóò ṣe padà sílé. Sáíléǹsà aláriwo náà bẹ́ẹ̀. Ó lè dùn létí yín, àmọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ yóò bá a wo mọ́tò kò ní rà á.

Ẹ má kùn ún. Ọ̀dà tuntun ń mú kí ojú olùrà là: kí lẹ fi ń bò? Ọ̀dà ilé-iṣẹ́ tó ti ha díẹ̀ sàn ju ọ̀dà tó ń dán ṣùgbọ́n tí àwọ̀ ilẹ̀kùn kò bá ti bọ́nẹ́ẹ̀tì mu. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ tún AC ṣe kó tutù, ẹ fi ọ́ìlì sí híńjì ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kúpè gùn, ó wúwo, ó sì máa ń rọ̀ sílẹ̀ bó bá ti pẹ́. Ilẹ̀kùn tí ẹ ní láti gbé sókè kó tó pa dé ni olùrà máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Gbogbo ìyókù, ẹ fi sílẹ̀.

3. Iye tí ẹ ó pè é

Ẹ wo iye tí wọ́n ń pe irú rẹ̀ lórí Jiji àti Facebook Marketplace: ọdún kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà, èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà, kì í ṣe tòkúnbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ rántí pé iye tí wọ́n ń pè nìyẹn, kì í ṣe iye tí wọ́n gbà. Èyí tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, iye rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lọ.

Ẹ mú iye mẹ́ta: èyí tí ẹ ó pè, èyí tí ẹ fẹ́, àti èyí tí ẹ kò ní gbà kọjá sísàlẹ̀. Ká ní ẹ fẹ́ gba mílíọ̀nù 7. Ẹ lè pè é ní mílíọ̀nù 7 àti ààbọ̀, kí ẹ sì ti bá ẹnikejì yín nílé sọ ọ́ pé ẹ kò ní gbà sílẹ̀ ju mílíọ̀nù 6 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ olùrà ni yóò kọ ọ́ fún un.

Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù karùn-ún 2023, ìbéèrè nípa epo ti ṣíwájú ìbéèrè nípa eré. Ẹ má sọ pé "kì í mu epo." Ẹ rọ epo kún táǹkì, ẹ wà á lọ sí Àkúrẹ́ kí ẹ sì padà, ẹ tún un rọ kún ní ilé epo kan náà, kí ẹ wo iye lítà tó wọlé àti iye kìlómítà tí ẹ rìn. Ìdáhùn gidi nìyẹn. Bí dáṣíbọ́ọ̀dù yín bá ń ka máìlì, ẹ fi 1.6 sọ ọ́ di kìlómítà.

Nípa àkókò: oṣù kejìlá ni àwọn ọmọ wa ń bọ̀ wálé láti ìdálẹ̀, owó sì wà lọ́wọ́. Oṣù kìíní jẹ́ oṣù owó ilé-ìwé, ẹ fi sílẹ̀. Bí olùrà yín bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń retí owó kọ́pò (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù), ó lè jẹ́ ìparí oṣù kí owó náà tó jáde. Ẹ fún un lọ́jọ́ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣe kedere, àmọ́ ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíì.

4. Fọ́tò àti ìpolówó

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ yà á, kí oòrùn tó gun orí. Iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, inú, ẹ̀yìn ìjókòó, ẹ́ńjìnnì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú iná tó ń ṣiṣẹ́ àti iye máìlì. Ẹ ya ibi tó ti ha náà. Ẹ má gbé fọ́tò ìwé mọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí orúkọ àti àdírẹ́sì yín wà lórí rẹ̀, ayédèrú sì ń bẹ. Nọ́mbà ṣaasí, ẹni tó bá ti fi hàn pé òun ń bọ̀ wá wò ó ni kí ẹ fún.

Ohun tí ẹ lè kọ nìyí:

"Honda Accord Coupe 2008, V6 3.5, ọ̀tọ̀mátíìkì, dúdú. Ọ̀dà ilé-iṣẹ́ ni, àfi bọ́ńpà iwájú tí a tún kùn. Máìlì 118,000 (kìlómítà bíi 190,000). A ti pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn, ríṣíìtì wà. AC tutù. Ó ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀. Gíláàsì ilẹ̀kùn ọ̀tún ń lọ́ra láti gòkè. Ìwé pé, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Adó-Èkìtì. Mílíọ̀nù 7 àti ààbọ̀, ẹ lè ná an díẹ̀."

Ẹ wo bí àléébù méjì ṣe jókòó sáàárín ìwà rere. Ẹni tó bá rin ìrìn-àjò láti Èkó wá wò ó kò ní rí nǹkan tuntun tí yóò bínú sí, kò sì ní fi wọ́n ná an mọ́, torí ó ti mọ̀ kó tó gbéra.

Ẹ gbé e sí WhatsApp yín pẹ̀lú, kí ẹ ní kí àwọn ẹgbẹ́ ilé-ìwé yín bá yín gbé e síwájú. Ọ̀dọ̀ ojúlùmọ̀ ojúlùmọ̀ ni kúpè ti sábà ń rí ẹni tó máa rà á.

5. Àwọn tó máa pè yín

"Bọ̀dá, èló lẹ máa gbà jálẹ̀?" Ìpè àkọ́kọ́ nìyẹn, kò tíì rí mọ́tò. Ẹ dá a lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín pé kó wá wò ó ná, orí mọ́tò la ti ń ná mọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gidi yóò béèrè ìwé, yóò béèrè ẹ́ńjìnnì, yóò sì béèrè ọjọ́ tí òun lè wá. Ẹni tó ní òun yóò sanwó láìwò ó, tó ń sọ pé kí ẹ fi mọ́tò rán awakọ̀ òun, ẹ pa fóònù.

6. Ọjọ́ wíwò àti dídán wò

Ọ̀sán gangan, ibi tí èrò wà: ilé epo ńlá, iwájú báǹkì, kì í ṣe ilé yín. Ẹ mú ẹnì kan dání. Bí olùrà bá ti òkèèrè wá, ẹ lè fún un níyán kó jẹ, Èkìtì ni a wà. Ẹ má ṣáà fún un ní kọ́kọ́rọ́ kó dá wà á lọ.

Kó tó jókòó sídìí sítíárì, ẹ wo láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ rẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ wà á, kó rí bó ṣe ń lọ, kí ẹ tó wá pààrọ̀ ìjókòó. Ẹ wà níbẹ̀ jálẹ̀jálẹ̀. Ìdí tí mo fi le koko lórí èyí ni pé íńṣọ́ránsì third party tí ọ̀pọ̀ wa ń san, tó di ₦15,000 fún mọ́tò àdáni láti oṣù kìíní 2023, ohun ìní ẹlòmíì tí mọ́tò yín bá bà jẹ́ ló ń san, dé mílíọ̀nù 3. Kò san kọ́bọ̀ lórí mọ́tò tiyín. Bí ọ̀dọ́ tí V6 gùn lórí bá sọ ọ́ lu òpó, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ wà níbẹ̀.

Ẹ yan ọ̀nà tó ní òkè díẹ̀ àti ibi tó tẹ́. Òkè ló ń fi hàn bí jíà bá ń yọ̀. Ibi tó tẹ́ ló ń fi hàn bí sítíárì bá ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ́ńjìnnì kí ó tutù nígbà tí olùrà bá dé. Ẹni tó bá bá ẹ́ńjìnnì gbígbóná máa rò pé ẹ ń fi ariwo àárọ̀ pamọ́ fún òun.

Mẹkáníìkì rẹ̀ lè pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ní kí ẹ ṣe òun lóore, òun á jẹ́ kí ọ̀gá òun rà á. Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni owó rẹ̀ wà. Bí ẹ bá fún un, tí àṣírí sì tú, ẹ̀yin ni wọ́n á pè ní olè.

7. Owó

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù.

Òfin tó de fífi owó tí kò mọ́ ṣòwò, ti ọdún 2022, kò gbà kí ẹnì kan san ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ní owó lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ gba báǹkì. Ọ̀pọ̀ kúpè tó ṣì dára ti kọjá iye yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé àpò owó wá, ẹ bá a lọ sí báǹkì kó san án sínú àkáǹtì ara rẹ̀, kó sì ti ibẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín.

Kí owó náà wá láti inú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ olùrà gan-an, orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ní "ọ̀rẹ́ mi á fi ránṣẹ́," tàbí tí owó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta tí ẹ kò mọ̀, ẹ dá a dúró. Owó tí wọ́n jí lákáǹtì ẹlòmíì lè wọ tiyín lónìí, kí báǹkì sì ti àkáǹtì yín pa lọ́la. Mọ́tò ti lọ, ẹ ò lè fọwọ́ kan owó, ẹ tún máa lọ ṣàlàyé ara yín fún ọlọ́pàá.

Alẹ́ẹ̀tì orí fóònù kì í ṣe owó. Ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kó dà bíi ti báǹkì. Ẹ ṣí áàpù báǹkì yín fúnra yín, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì, kì í ṣe iye tí wọ́n ní ó wọlé. Ó sàn jù kí ẹ ṣe é nínú báǹkì, kí òṣìṣẹ́ wọn bá yín wò ó. Bí olùrà bá ń kánjú, tó ń sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ló fà á, pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ òun, ẹ ní ẹ bá a dárò, ẹ jọ jókòó títí nẹ́tíwọ̀kì á fi dé. Ẹni tó sanwó lóòótọ́ á jókòó.

Àsansílẹ̀ dára, kó má kéré jù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye rẹ̀, ọjọ́ tí ìyókù máa pé, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá kọjá. Ẹ kò ní gbé mọ́tò fún ẹni tó ku owó sílẹ̀, àbúrò yín ni tàbí ọmọ pásítọ̀ yín. Mo mọ̀ pé ó le láti sọ fún ẹbí. Ẹ kúkú sọ ọ́ báyìí, kí ẹ má baà máa sọ ọ́ níwájú baálé ilé lọ́jọ́ mìíràn.

8. Ìwé títà àti gbígbé mọ́tò fún un

Ẹ ṣe ìwé títà ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ fọwọ́ sí méjèèjì, kí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Bí owó bá pọ̀, kí lọ́yà kọ ọ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, èyí tó:

"Èmi … tí mò ń gbé ní … ta Honda Accord Coupe 2008, nọ́mbà ṣaasí …, nọ́mbà ẹ́ńjìnnì …, nọ́mbà ọkọ̀ …, fún … tó ń gbé ní …, ní iye owó ₦…. Owó náà ti wọlé pátápátá. Olùrà ti yẹ mọ́tò náà wò pẹ̀lú mẹkáníìkì rẹ̀, mo ti sọ àléébù wọ̀nyí fún un: …, ó sì rà á bẹ́ẹ̀. Láti agogo … ọjọ́ … ni mọ́tò náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ láti ìgbà náà, ọrùn rẹ̀ ló wà."

Ẹ má fo agogo yẹn. Bí ẹ bá ta mọ́tò ní agogo méjì, tó sì kọ lu ọlọ́kadà ní agogo mẹ́rin, agogo tí ẹ kọ yìí ló máa gbà yín sílẹ̀.

Ẹ gba ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ fún un ní ẹ̀dà tiyín. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyípadà orúkọ. Ọ̀pọ̀ olùrà á ní "ẹ jẹ́ n máa lò ó báyìí ná." Ẹ má gbà. Bí orúkọ yín bá ṣì wà lórí rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n á kọ́kọ́ wá bí wọ́n bá fi mọ́tò náà hùwà ibi. Ẹ fi iye tí ìyípadà orúkọ yóò ná mọ́ owó mọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀, ìjà á dín kù. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ íńṣọ́ránsì yín pẹ̀lú, kí ẹ sọ fún wọn pé mọ́tò náà ti kúrò lọ́wọ́ yín.

Ó ku àwọn kékeré tí èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ pa fóònù yín rẹ́ kúrò lórí rédíò Bluetooth, torí nọ́mbà gbogbo ẹbí yín lè wà níbẹ̀. Ẹ bó sítíkà ibi iṣẹ́ tàbí ti ilé-ìwé tó jẹ́ kí wọ́n máa ṣí géètì fún yín. Ẹ wo abẹ́ ìjókòó. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ kejì àti kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì rímù, èyí tó jẹ́ pé bí kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí táyà bá fọ́ ní ọ̀nà Ìlẹ́ṣà, ẹ̀yin ni yóò pè lóru. Bí ẹ bá ní tracker (ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí mọ́tò wà) nínú mọ́tò náà, ẹ sọ fún un kó tó lọ, kí ẹ sì gbé àkáǹtì rẹ̀ fún un tàbí kí ẹ yọ ọ́.